Ọgọ́jọ Ilé Tí Kò Ní Aláìsàn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín. Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ ni ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ kú ojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni ẹ ti ń bọ̀, ẹ kú àbọ̀, ẹ kú làálàá ọjọ́. Mo fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí wa sí, tí ó fún wa ní ojú láti fi kàwé àti ọkàn láti fi ronú lórí ohun tí a bá kà. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ lójú mi, láàárín àwọn ọmọ tí mo fẹ́ràn, mo sì gbàgbọ́ pé inú yín yóò dùn nígbà tí ẹ bá kà á tán.

Iṣẹ́ mi ni láti tọ́jú yàrá àyẹ̀wò ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa kòkòrò àrùn, ní yunifásítì wa ní Àkókó. Èmi ni mo ń fọ ìgò, èmi ni mo ń tan ẹ̀rọ, èmi náà ni mo sì ń lé ẹni tí ó bá gbé gúgúrú wọlé jáde. Ezekiel ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Bàbá Láàbù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé bí ẹnìkan bá pe Ezekiel, mo máa ń wẹ̀yìn wò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa ní ẹgbẹ́ kan. Ní ọdún tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Ìbíyínká ni wọ́n yàn ní ààrẹ. Ọmọ Èpìnmì ni, ó wà ní ọdún ìkẹyìn. Bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń dáko. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n tí ó bá ti ní òun yóò ṣe nǹkan, kí ẹ kúkú wá àga jókòó, ẹ ó rí i pé yóò ṣe é. Memunat, ọmọ Ìkàrẹ́, ni akọ̀wé. Ẹnu rẹ̀ mú, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kò lè fi ṣe ẹ̀rín. Stephen, ọmọ Ìkún, ni ó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, òun náà ni ó sì máa ń ṣàròyé jù.

Kí ó tó di ọdún wọn, eré bọ́ọ̀lù àti àsè ìparí ọdún nìkan ni ẹgbẹ́ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ìbíyínká ní tiwọn kò ní rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, wọ́n mú wọn yí ọgbà ká, wọ́n sì fi yàrá ìwé hàn wọ́n kí wọ́n tó fi ilé oúnjẹ hàn wọ́n. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ lọ sí ọjà Ìkàrẹ́, wọ́n bá àwọn ọlọ́jà gbá a. Wọ́n yá awò ńlá mi tí ó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé gírámà kan ní Ọ̀bà, wọ́n sì fi ìdọ̀tí abẹ́ èékánná àwọn ọmọ náà hàn wọ́n nínú rẹ̀. Mo gbọ́ pé ọmọ kan fọwọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà kí ó tó jẹun ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́kàn Ìbíyínká jù ni ìwádìí. Ó fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, èyí tí yóò jẹ́ iṣẹ́ àṣekágbá tirẹ̀ náà, kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ ní ọjọ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí àlejò yóò wá láti àwọn yunifásítì mìíràn láti bá wọn díje. Olùkọ́ wa, Dókítà Ilésanmí, gbà láti jẹ́ alábòójútó wọn.

Àdúgbò kan wà ní Ọ̀kà, ní ẹsẹ̀ àpáta. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ènìyàn rere ni wọ́n, wọ́n sì gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Kànga mẹ́fà ni wọ́n ń pọn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Happiness, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà nítòsí, sọ fún Ìbíyínká pé láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ará àdúgbò náà kò jẹ́ kí òun sinmi. Bí ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti ń lọ ni ti ìgbẹ́ gbuuru ń dé. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé èwo nínú kànga mẹ́fà náà ni ó ń fa àìsàn. Láti mọ̀ ọ́n, wọ́n ní láti yẹ omi wò, kí wọ́n sì lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n béèrè ẹni tí ó ṣàìsàn, ìgbà tí ó ṣe é, àti kànga tí wọ́n ti ń pọnmi.

Omi kò yọ wá lẹ́nu. Wọ́n gbé e wá nínú ìgò, pẹ̀lú yìnyín, a sì rí kòkòrò àrùn nínú kànga mẹ́rin. Ó wá ku kí àwọn ènìyàn sọ èyí tí ó ń ṣe wọ́n níbi.

Inú ilé ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Wọ́n ti kọ ìbéèrè wọn ní Yorùbá tí ó dán: ta ni ó ṣàìsàn nínú ilé yìí láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn? Ọgọ́jọ ilé ni wọ́n dé. Kò sí ibi tí wọn kò ti fún wọn ní àga, wọ́n sì jẹ iṣu sísun títí ó fi sú Stephen. Ṣùgbọ́n tí ó bá ti kan ìbéèrè yẹn, ìdáhùn kan náà ni. Kò sí o, a dúpẹ́. Alihamudulilahi, àlàáfíà ni. A kì í ṣàìsàn nílé yìí, lórúkọ Jésù. Bàbá kan bi wọ́n léèrè ẹni tí ó rán wọn wá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ilé òun ní kùtùkùtù. Nínú ilé mìíràn, ọmọdé kan dùbúlẹ̀ sórí ẹní, pílásítà dírípù ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ní ó ń sinmi ni. Memunat kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ó ń sinmi.

Nígbà tí Stephen kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, nínú ọgọ́jọ ilé, ilé méjì péré ni ó ní ẹnìkan ṣàìsàn. Ní ọ̀kan nínú méjèèjì, orúnkún ìyá ọkọ rẹ̀ ni obìnrin ilé náà ń sọ.

"Ẹ jẹ́ ká kúkú kó lọ síbẹ̀ lọ máa gbé," ni Stephen wí. "Kò sí ibi tí ara ti le tó báyìí ní gbogbo Nàìjíríà."

Dókítà Ilésanmí kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn, ó sì gbé ojú sókè.

"Omi yín ní àrùn wà," ó wí. "Nọ́ọ̀sì yín ní àrùn wà. Àwọn ènìyàn yín ní àrùn kò sí. Ìbíyínká, ta ni kí n gbà gbọ́?"

Dókítà wá fún wọn títí di ọjọ́ ìwádìí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kìíní. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá ní ojútùú nígbà náà, òun kò ní buwọ́ lù ú, Ìbíyínká yóò sì wá iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wọ aṣọ ìgboyè, òun yóò sì tún lo odindi ọdún kan sí i ní yàrá àyẹ̀wò lọ́dọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń sọ fún gbogbo Èpìnmì pé ọdún yìí ni.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ dá a lábàá pé kí wọ́n fojú díwọ̀n iye tí ó yẹ kí ó jẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí i. Ìbíyínká kò bá a jà. Ó kàn ní òun yóò kúkú tún ọdún kan kà ju kí òun purọ́ mọ́ ọgọ́jọ ilé lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó gbẹ̀yìn oṣù kọkànlá, Nọ́ọ̀sì Happiness pè é wá sí ìsìn ọpẹ́ ní ìjọ wọn ní Ọ̀kà. Ọmọ náà sọ fún mi pé ìbànújẹ́ ni òun gbé lọ, pé òun kàn fẹ́ jókòó sí ibi tí ẹnìkan kò ti ní bi òun léèrè nípa kànga. Àkókò ẹ̀rí dé. Obìnrin kan dìde. Ìbíyínká mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Màmá Tẹjúmádé ni, ìyá ọmọ tí ó ń sinmi lórí ẹní.

"Ẹ bá mi gbé Olúwa ga," ni màmá wí. "Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, bí a ṣe ń múra ilé-ìwé, Tẹjúmádé ní inú ń run òun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò lè dìde mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, ará. Dírípù márùn-ún. Àyẹ̀wò ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni. Nọ́ọ̀sì ló jókòó yẹn, ẹ bi í. Ọmọ náà nìyí, ó ń jẹ bisikíìtì."

Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Bí ó ti jókòó ni ẹlòmíràn dìde, ti ọkọ tirẹ̀ ni, oṣù keje, ìgbẹ́ gbuuru. Ẹnìkẹta dìde, ẹnìkẹrin, ẹnìkarùn-ún. Olúkúlùkù sọ ọjọ́, ó sọ orúkọ àìsàn, ó sọ oògùn tí wọ́n lò. Mẹ́ta nínú àwọn márààrún ni Ìbíyínká ti dé ilé wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì sọ fún un pé kò sí.

Lẹ́yìn ìsìn, ó kúnlẹ̀ kí Màmá Tẹjúmádé, ó bá a yọ̀, ó sì fi ọgbọ́n rán an létí pé nígbà tí òun wá sílé, màmá ní kò sí ẹni tí ó ṣàìsàn.

Obìnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, àìsàn ni ìwọ bi mí. Àìsàn ti jáde nílé mi, ṣé kí n tún fi ẹnu mi pè é wọlé ni? O ò bi mí léèrè ohun tí Ọlọ́run ṣe."

Ní ọjọ́ Ajé, ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ni mo ti bá Ìbíyínká, kí n tó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi bí mo ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Ẹnu yà mí, nítorí láti kékeré ni mo ti ń jókòó nínú ìjọ tí mo ń gbọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó wá sí mi lọ́kàn pé ìwé ìlera odindi ìlú ni wọ́n ń kà sí wa létí. Nígbà tí Memunat gbọ́, ó lu tábìlì. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, bí ara ẹnìkan bá yá, wọn a ṣe sàráà, wọn a ru mọ́sà àti àkàrà káàkiri ilé, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ mọ́sà láìmọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dín in.

Wọ́n jókòó, wọ́n sì tún ìbéèrè kọ. Ní ilé onígbàgbọ́, wọn yóò béèrè pé: kí ni Ọlọ́run ṣe nínú ilé yìí lọ́dún yìí tí ẹ fi ń dúpẹ́? Ní ilé mùsùlùmí: kí ni ẹ tìtorí rẹ̀ ṣe sàráà lọ́dún yìí? Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá béèrè ọjọ́, àmì àìsàn, àti kànga.

Dókítà ka ìbéèrè tuntun náà, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìwádìí ni mo rán yín," ó wí. "N kò rán yín ní ìsọjí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Ìbíyínká dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ìbéèrè wa àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pe ibi sórí ara wọn, wọ́n sì kọ̀. Èyí ní kí wọ́n pe ire, inú ire náà ni wọn yóò ti sọ ibi tí ó kọjá. Ẹ jẹ́ ká dán an wò, sà."

Dókítà gbà, ṣùgbọ́n ó lé ààlà sí i. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ọgbọ̀n ilé. Kí àwọn ẹbí buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda pé Nọ́ọ̀sì Happiness lè yẹ orúkọ wọn wò nínú ìwé ilé ìwòsàn. Bí ìdáhùn wọn kò bá bá ìwé náà mu, ọ̀rọ̀ parí.

Wọ́n lọ. Nínú ọgbọ̀n ilé, wọ́n gbọ́ nípa àìsàn mẹ́rìnlá. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé rẹ̀, ó rí mẹ́tàlá níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Ẹnìkẹrìnlá, Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì mú káàdì rẹ̀ wá. Dókítà ka iye náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n lọ parí iṣẹ́ wọn, ó sì pa dà sínú ìwé tí ó ń kà, ṣùgbọ́n mo rí i tí ó ń rẹ́rìn-ín sí abẹ́ irùngbọ̀n rẹ̀.

Ọgọ́jọ ilé náà ni wọ́n tún dé, nínú ọyẹ́, ètè gbogbo wọn sì là. Ọjọ́ kan tí wọn ì bá fi lọ sí ogún ilé, ilé mẹ́jọ ni agbára wọn ká, nítorí kò sí ilé tí wọ́n ti ń dúpẹ́ ní kánjúkánjú tàbí láìjó. Bàbá àgbà kan mú wọn kúnlẹ̀, ó gbàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi Stephen ní orúkọ ẹ̀kọ́ tí ó ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ó sì gbàdúrà lé ìyẹn náà lórí. Nígbà tí Stephen dé, ó ní kò sí ìwé kankan nínú ẹ̀ka wa tí ó sọ pé a máa ń jó nínú ìwádìí.

Àìsàn mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n rí. Ìbíyínká ya àwòrán àdúgbò náà sórí pátákó mi, ó fi àmì pupa kan fún àìsàn kọ̀ọ̀kan sí ibi ilé tí ó ti ṣẹlẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi rí i. Méjìléláàádọ́ta nínú àmì náà ni ó yí kànga kan ṣoṣo ká, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ àpáta. Wọ́n gbẹ́ ṣálángá kan sí òkè rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá a ti ibẹ̀ wá lórí àpáta, kò sì sí ohun tí ó dá a dúró, nítorí etí kànga náà kò ga ju kókósẹ̀ lọ.

Ayọ̀ ìbá kún ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kànga náà ní ẹni tí ó ni ín. Alhaji Zakariyya ni ó gbẹ́ ẹ, sàráà ni ó sì fi ṣe fún ìyá rẹ̀ tí ó di olóògbé. Dókítà ní wọn kò gbọdọ̀ gbé àwòrán yẹn síwájú àlejò láìjẹ́ pé bàbá náà gbọ́, tí ó sì fọwọ́ sí i. Láìsí àwòrán, iṣẹ́ náà kò ní orí, kò ní ìrù. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó kù kí ọjọ́ ìwádìí pé.

Èmi náà bá wọn lọ, kí àgbàlagbà lè wà níbẹ̀. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa tẹ̀súbáà. Memunat ni ó kí i tí ó sì la ọ̀rọ̀ náà, ohùn rẹ̀ tí kì í wọlẹ̀ sì wọlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tẹ̀súbáà dúró sójú kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó ti pa ẹnìkan?" ni ó béèrè.

Ìbíyínká wà lórí ìkúnlẹ̀. "Rárá, Bàbá. Kò pa ẹnìkankan. Gbogbo wọn ló wà láàyè, gbogbo wọn ló sì ń dúpẹ́."

Alhaji mí kanlẹ̀. "Omi mímọ́ ni mo fẹ́ fún ìyá mi," ó wí. "Ẹ lọ fi hàn wọ́n. Ẹ má fi pamọ́ nítorí mi."

Kí a tó dìde, ó ti rán ọmọ ọmọ rẹ̀ Safinat kí ó lọ pe bíríkìlà. Mo gbọ́ pé títí wọ́n fi mọ etí kànga náà sókè tí wọ́n sì fi ìdérí irin sí i, ẹ̀bá rẹ̀ ni bàbá máa ń gbé àga sí ní àárọ̀, tí yóò máa darí àwọn obìnrin sí kànga òkè tí a kò rí kòkòrò nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbójú láti bá a jiyàn. Àwọn tí wọ́n ni ṣálángá náà gbà láti dí i, wọ́n sì gbẹ́ òmíràn sí ọ̀nà jíjìn.

Ọjọ́ ìwádìí pé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yunifásítì mìíràn gbé iṣẹ́ dáadáa kalẹ̀, àwòrán wọn ń tàn yanran. Nígbà tí ó kan àwọn ọmọ wa, Ìbíyínká kọ́kọ́ gbé ìwé àkọ́kọ́ síta, èyí tí òfo kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó tó gbé èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán àdúgbò. Obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni ó ṣe alága àwọn adájọ́, ojú rẹ̀ le. Ó bi í léèrè ìdí tí ó fi fi ìwé tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ han àwọn, nígbà tí àwọn yòókù fi tiwọn sílé.

Ìbíyínká gbé ìwé òfo náà sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè rí i.

"Mà, ohun tí ìwádìí wa rí gan-an nìyẹn. Àwọn ènìyàn wa kò parọ́ fún wa, àwa ni a kò mọ ọ̀rọ̀ wí. Bí a bá fi ìwé yìí pamọ́, ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wa yóò tún lọ béèrè ẹni tí ó ń ṣàìsàn, wọn yóò tún sọ fún un pé kò sí, yóò sì gbà pé ara wọn le."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn pé ogún ọdún rèé tí òun ti ń gba "kò sí, a dúpẹ́" sínú ìwé ìbéèrè, tí òun sì ń kà á mọ́ ìlera, àti pé òun yóò lọ tún àwọn ìwé náà yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n ka èsì, ẹgbẹ́ wa ni ó ṣe ipò kìíní. Ariwo sọ. Stephen fò lé orí àga, n kò sì lé e sọ̀ kalẹ̀. Ìbíyínká ní tirẹ̀ jókòó, ó fi orí sí èjìká Memunat, ó sì sunkún bí ẹni tí ó ru ẹrù láti òkèèrè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀ ọ́. Dókítà Ilésanmí kò dúró kí a dé ọ́fíìsì. Níbẹ̀ gan-an, lórí itan rẹ̀, ni ó ti buwọ́ lu iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ ìgboyè, ọkọ̀ méjì ni ó ti Èpìnmì wá. Bàbá Ìbíyínká ń mú ọwọ́ gbogbo ẹni tí ó bá pàdé, ó ń sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ fún wọn, títí kan àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà jáde nínú aṣọ dúdú pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì rìn lọ síwájú nígbà tí wọ́n pè é.

Ìwọ tí o ka ìtàn yìí, kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Níbi tí wọ́n ti sọ fún ọ pé kò sí, kí ó fi hàn ọ́ pé ó wà. Kí àárẹ̀ má ṣe mú ọ kí o tó dé ibi ayọ̀ rẹ, kí àwọn tí ó bí ọ fi ìdùnnú dárúkọ rẹ láàárín ìlú, kí ẹnu rẹ má sì ṣe aláìní ohun tí yóò fi dúpẹ́. Àmín.